Ilé Ni Owó HOA Mọ̀, Kò Mọ Ẹni Tí Ń Gbé Inú Rẹ̀

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi kan pè mí láti Katy, lẹ́bàá Houston ní Texas, pé òun àti ọkọ òun ti rí ilé tí ó wù wọ́n, àti pé ní ọjọ́ kejì ni àwọn yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó ka gbogbo owó inú rẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: iye tí wọ́n ń ta ilé, iye tí báńkì yóò yá wọn, owó orí ilé, owó ìbánigbófò. Nígbà tí mo bi í pé ti HOA ńkọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ lọ́dún. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo sọ ní ọdún 2014, nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ilé wa àkọ́kọ́ ní Fort Bend, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, nígbà tí a fẹ́ ta ilé náà, ni mo tó mọ ohun tí mo fọwọ́ sí.

HOA ni ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹgbẹ́ onílé tí a mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, níbi tí àwọn bàbá àdúgbò ti máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé, tí wọn yóò dá owó ọlọ́dẹ àti owó àtúnṣe transformer, tí ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ san yóò sì máa gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá kí alága má baà rí i. Ní Texas, kí ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́ àdúgbò tó ta ilé kan ṣoṣo ni ó ti kọ ìwé òfin àdúgbò náà, tí ó sì ti fi í sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì. Láti ọjọ́ náà ni òfin yẹn ti wọnú ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ilé níbẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí ilé bá di tirẹ̀, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ó lè gbà kúrò nínú ẹgbẹ́ àfi kí ó ta ilé náà fún ẹlòmíràn.

Ìwé òfin yìí lágbára ní agbègbè Houston ju bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lọ. Houston ni ìlú tí ó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà tí kò ní òfin tí ó ń pín ilẹ̀ ìlú pé ibí ni ti ilé gbígbé, ọ̀hún ni ti ilé-iṣẹ́. Àwọn olùdìbò kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1948, ní 1962 àti ní 1993. Òfin tí a kọ mọ́ ilẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí aládùúgbò ẹni sọ iwájú ilé rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Irú ìwé kan náà ni wọ́n fi ń dí àwọn ènìyàn dúdú lọ́nà láti ra ilé nígbà kan rí, títí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi sọ ní 1948, nínú ẹjọ́ Shelley àti Kraemer, pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí ẹnìkan nínú wa bá sọ pé ìwé lásán ni ìwé àdúgbò.

Owó tí ẹgbẹ́ ń gbà ni wọ́n fi ń san owó iná ojú pópó, owó àwọn tí ń gé koríko ẹnu ọ̀nà àdúgbò, owó àbójútó adágún ìwẹ̀ àti pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, owó ìbánigbófò ẹgbẹ́, àti owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ alábòójútó tí ó ń kọ lẹ́tà sí wa pé ike ìdọ̀tí wa pẹ́ jù níta. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ilé kọ̀ọ̀kan ti dá dúró ní agbègbè wa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbà á, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni yóò sì pé, ọjọ́ tí kò dára rárá fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó Kérésìmesì tán ní Nàìjíríà. Ẹ má ṣe kà á mọ́ owó MUD. Owó orí ni MUD, ẹ̀ka ìjọba kékeré tí ó fa omi àti ọ̀nà ìdọ̀tí dé àdúgbò ni ó ń gbà á, inú owó orí ilé ni ẹ ó ti rí i. Àbúrò mi ti pa méjèèjì pọ̀ nínú ìṣirò rẹ̀, ohun tí ó sì ṣẹ́ kù fún un kì í ṣe iye tí ó rò.

Báńkì máa ń ka owó ẹgbẹ́ mọ́ gbèsè oṣooṣù ẹni nígbà tí ó bá ń wo iye tí yóò yá ni. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a ó sì fi ọgbọ̀n ọdún san owó náà, dọ́là 100 tí ẹgbẹ́ ń gbà lóṣù dà bí ẹni pé wọ́n yọ nǹkan bí dọ́là 15,000 kúrò nínú ohun tí a lè yá. Fún ẹni tí ó ń wo kọ́ńdò kan, ìyẹn fúláàtì tí ènìyàn rà nínú ilé ńlá, láàárín ìlú, tí owó ẹgbẹ́ ibẹ̀ jẹ́ dọ́là 600 lóṣù, ìyẹn ti súnmọ́ dọ́là 90,000. Síbẹ̀, báńkì tí ó kà á síni lọ́rùn yìí kì í sábà bá ni san án. Owó orí ilé àti owó ìbánigbófò ni ó máa ń gbà pọ̀ mọ́ owó mọ́gééjì, ìyẹn gbèsè ilé, tí yóò sì bá ni fi ránṣẹ́. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò rántí ti ẹgbẹ́. Mo ti rí ju ẹni mẹ́ta lọ tí wọ́n gbé inú ilé wọn fún ọdún kan gbáko, tí wọ́n rò pé ó ti wà nínú ohun tí àwọn ń san lóṣooṣù.

Ní ọjọ́ tí a lọ fọwọ́ sí ìwé ìkẹyìn ní 2014, mo rí ìlà mẹ́ta tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí mo ti múra sílẹ̀ fún ẹyọ kan péré. Èkíní ni owó tí ilé-iṣẹ́ alábòójútó gbà láti yọ orúkọ ẹni tí ó tà kúrò nínú ìwé wọn kí wọ́n sì fi tiwa rọ́pò. Èkejì ni owó tí gbogbo ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń dá sínú àpò ẹgbẹ́, tí kò ní padà sí ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń lọ. Ẹ̀kẹta nìkan ni ó yé mi: ẹni tí ó ta ilé ti san owó ọdún náà tán, nítorí náà a ní láti dá iye tí ó kù padà fún un. Ká ní owó ọdún jẹ́ dọ́là 1,095, dọ́là 3 ni fún ọjọ́ kan. Bí a bá parí ìwé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọjọ́ 184 ni ó kù nínú ọdún, ẹni tí ó ra ilé yóò sì fún ẹni tí ó tà á ní dọ́là 552. Ìyẹn kò ní ìjà nínú. Owó méjì àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a ti bá ara wa sọ, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹni tí yóò san án àti iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, nítorí àyè wà fún un nínú ìwé àfikún lórí ọ̀rọ̀ HOA tí àwọn alágbàtà Texas ń so mọ́ ìwé àdéhùn.

Nínú ìwé àfikún yẹn náà ni mo ti ṣe àṣìṣe mi tí ó tóbi jù. Àpótí mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìwé àdúgbò: pé ẹni tí ó ń tà yóò kó wọn wá, tàbí pé ẹni tí ó ń rà yóò wá wọn fúnra rẹ̀, tàbí pé ó ti gbà wọ́n tí ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, tàbí pé kò nílò wọn rárá. Bí a bá fi àmì sí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń rà ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé bá dé ọwọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì parí ọjà, láti yí ọkàn padà kí wọ́n sì dá owó ìdúró rẹ̀ padà fún un. Àpótí ìkẹyìn ni wọ́n fi àmì sí fún wa. Alágbàtà wa ní yóò jẹ́ kí nǹkan yá, èmi náà kò sì bi í léèrè, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo ń wò.

Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń tan ẹni tí ó ra ilé tuntun jẹ. Nígbà tí àdúgbò ṣì ń dàgbà, ilé-iṣẹ́ tí ó ń kọ́ ọ ni ó ń darí ẹgbẹ́, ó sì máa ń fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ kéré kí ilé lè tà. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi owó dí ihò tí ó bá yọ. Òfin Texas sọ pé nígbà tí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilẹ̀ bá ti di ti àwọn ènìyàn, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 120 lọ kí àwọn onílé tó yan ìdá kan nínú mẹ́ta, ó kéré tán, nínú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ pátápátá, àwọn onílé yóò ṣí àpò ẹgbẹ́ wò, owó ọdún yóò sì ga sókè. Ní àdúgbò tiwa, ọdún kẹrin tí a débẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀.

Ti kọ́ńdò tún le ju èyí lọ, nítorí pé níbẹ̀ ẹgbẹ́ ni ó ni òrùlé, ògiri ìta, ẹ̀rọ agbéniròkè àti àwọn òpó tí ó gbé ilé dúró. Owó oṣù tí ó kéré kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ àǹfààní níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tọ́jú nǹkan kan pamọ́ ni. Champlain Towers South, ilé kọ́ńdò kan ní Surfside ní Florida, wó ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2021, ènìyàn 98 sì kú. Láti 2018 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan ti kọ̀wé sí wọn pé kọnkéré abẹ́ ilé náà ti bàjẹ́ gan-an. Oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí owó àkànṣe tí ó jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 15 fún àtúnṣe, ẹni tí ìpín tirẹ̀ sì kéré jù lọ yóò san ju dọ́là 80,000 lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Florida ṣe òfin pé ilé kọ́ńdò tí ó bá ní àjà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì máa fi owó àtúnṣe pamọ́. Bí ẹ bá ń wo kọ́ńdò, ojú ìwé tí iye owó ìpamọ́ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó wo àwòrán ilé ìdáná rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa ní Texas máa ń fi yangàn pé kò sí ẹni tí ó lè tìtorí gbèsè gba ilé tí ènìyàn ń gbé, nítorí pé òfin homestead dáàbò bò ó. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ gbèsè. Gbèsè káàdì kò lè gba ilé. Ṣùgbọ́n ní 1987, nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ onílé Inwood North, àdúgbò kan ní Houston níbí, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Texas sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òfin àdúgbò ti wà lórí ilẹ̀ kí onílé tó rà á, ẹ̀tọ́ tí ẹgbẹ́ ní lórí ilẹ̀ náà ti ṣáájú ààbò homestead rẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, ilé ti di onídùúró fún owó náà kí onílé tó wọlé. Bí a kò bá san án, ẹgbẹ́ lè gba àṣẹ ilé-ẹjọ́, kí wọ́n sì ta ilé.

Òfin kò fi onílé sílẹ̀ láìní ààbò, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí náà. Ẹgbẹ́ kò lè ta ilé ẹnikẹ́ni nítorí owó ìtanràn nìkan. Owó tí ènìyàn bá san, gbèsè owó ọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dí, kì í ṣe ìtanràn koríko. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ju ilẹ̀ 14 lọ gbọ́dọ̀ ní ètò tí onígbèsè yóò fi lè san án díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ta ilé, ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ 180 láti rà á padà, láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i pé àwọn ti ta ilé náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni gbogbo ààbò wọ̀nyí ń bá rìn. Ìyá kan tí mo mọ̀ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ó padà dé, inú àpótí lẹ́tà ti kún, owó ọdún tí kò tó dọ́là 800 sì ti di ju dọ́là 3,000 lọ, nítorí pé owó agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Kò jiyàn pé òun jẹ owó. Ohun tí ó ń tún sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò pe òun lórí fóònù. Wọn kì í pe ènìyàn. Ojúlé ilé ni wọ́n ń kọ̀wé sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, a pinnu láti ta ilé Fort Bend. Alágbàtà wa ní kí a ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ alábòójútó fún ìwé tí wọ́n ń pè ní resale certificate. Ìwé yìí ni ẹgbẹ́ fi ń jẹ́rìí sí bí ilé ti dúró lọ́dọ̀ wọn: iye owó ọdún, iye tí a jẹ, owó àkànṣe tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí, owó ìpamọ́, ẹjọ́ tí ó wà ní kóòtù, àti àṣẹ àdúgbò tí wọ́n mọ̀ pé ilé náà rú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, òfin Texas kò gbà kí wọ́n gbà ju dọ́là 375 lọ lórí rẹ̀, tàbí ju dọ́là 75 lọ láti sọ ọ́ di tuntun bí ọjà bá falẹ̀. Òfin kan náà ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ máa fi orúkọ alábòójútó wọn àti owó tí wọ́n ń gbà nígbà títà hàn ní hoa.texas.gov, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo san 375 pé pérépéré.

Kí wọ́n tó kọ ìwé náà, wọ́n rán ẹnìkan wá láti yí ilé ká. Ní ẹ̀yìnkùlé wa, yàrá pákó kékeré kan wà tí bàbá àwọn ọmọ mi kàn ní 2018, níbi tí mo ń kó ìkòkò ńlá márùn-ún tí mo fi ń se ìrẹsì òde sí, pẹ̀lú àwọn kúlà àti àga ike. Kí a tó kàn án, a bi aládùúgbò wa kan, ó ní kò sí ẹni tí ó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Òótọ́ ni ó sọ, kò sí ẹni tí ó wò ó fún ọdún márùn-ún. Ọkùnrin yẹn wò ó. Nígbà tí ìwé dé, ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹsàn-án tí a ti sanwó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá pákó náà ga ju ohun tí òfin àdúgbò gbà lọ, pé a kò sì gba ìyọ̀ǹda. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún kọ dọ́là 35 sí, owó ìjáfara ọdún 2020 tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò kọ̀wé nípa rẹ̀ sí mi rí.

Mo san dọ́là 35 náà láìjiyàn, ó sì ń dùn mí di òní. Ti yàrá pákó le díẹ̀. A lè kọ̀wé béèrè fún ìyọ̀ǹda lẹ́yìn tí a ti kàn án, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ń wo ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, èlé tí báńkì dì mú fún ẹni tí ó ń rà á yóò sì ti bọ́ kí wọ́n tó jókòó. Ẹni náà kò bínú, ó kàn kọ̀ láti ra ilé tí ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti rà á, ẹ̀sùn náà di tirẹ̀. N kò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí èmi ìbá ti ṣe ní 2014 nìyẹn ká ní mo ka ìwé. Bàbá àwọn ọmọ mi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní Sátidé kan, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. A ya fọ́tò ilẹ̀ òfìfo, a fi ránṣẹ́, wọ́n sọ ìwé di tuntun, a san dọ́là 75. Àwọn ìkòkò náà ṣì wà nínú gáréèjì ilé tí a wà báyìí, ọkọ̀ mi sì ń sùn níta.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbàgbé lẹ́yìn tí a ti gba owó wa: mo ti sọ fún báńkì mi láti ọdún pípẹ́ pé kí wọ́n máa fi owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́ fúnra wọn ní ìparí ọdún. Wọ́n fi ti 2024 ránṣẹ́ lórí ilé tí kì í ṣe tiwa mọ́, ilé-iṣẹ́ alábòójútó gbà á pẹ̀lú ọpẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí orí ojúlé náà. Oṣù kẹta ni mo tó rí i gbà padà.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún àbúrò mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí ó ṣí ìwé àfikún náà kí ó sì sọ àpótí tí wọ́n fi àmì sí fún mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìkẹyìn ni." Mo ní, "Sọ fún alágbàtà rẹ pé àkọ́kọ́ lo fẹ́." Alágbàtà náà kùn, ṣùgbọ́n ó yí i padà, wọ́n sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ní ìjẹta ni ìwé dé, ojú ìwé 84. Ní alẹ́ àná ó pè mí pé òun ti dé ojú ìwé 61, àti pé ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí owó àkànṣe kan fún àtúnṣe etí adágún tí ń gba omi òjò àdúgbò, dọ́là 1,800 fún ilé kọ̀ọ̀kan, tí yóò pé ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ilé yóò ti di tiwọn. Wọ́n ti kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ilé pé kí ó yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ó ń tà á. Ọ̀la ni ọjọ́ kẹta yóò pé, kò sì tíì fèsì.